Ọmọ mẹ́ta, ogún ọmọdé: kí ló dé tí ogún fi ń ṣáájú?

Ìyá kan ní Ṣágámù ló bi mí ní ìbéèrè yìí, mo gé e kúrú díẹ̀: “Ẹ kú iṣẹ́ o sà. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní JSS 2. Wọ́n fún wọn ní iṣẹ́ ìsọ̀rí ọ̀rọ̀ nínú Yorùbá, wọ́n fàlà sídìí ọ̀rọ̀ kan nínú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kí wọ́n sọ irú ọ̀rọ̀ tó jẹ́. Àkọ́kọ́ ni ‘ó bí ọmọ mẹ́ta’, mẹ́ta ni wọ́n fàlà sí. Ìkejì ni òwe yẹn, ‘ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún’, ogún ni wọ́n fàlà sí. Ọmọ mi kọ ‘ọ̀rọ̀ òǹkà’ sí àkọ́kọ́, ó kọ ‘ọ̀rọ̀ orúkọ’ sí ìkejì. Tíṣà fagi lé méjèèjì, ó ní ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni wọ́n. Ọmọ náà ò jẹun alẹ́ lọ́jọ́ yẹn sà. Ta ló gbà á nínú wọn? Ó tún bi mí pé kí ló dé tá a fi ń sọ pé ‘ọmọ mẹ́ta’ tá ò sì ń sọ pé ‘ọmọdé ogún’, mi ò mọ èsì tí mo lè fún un.”

Màmá, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú ìnáwó orí súkúù. Ẹ kọ́kọ́ bá mi sọ fún ọmọkùnrin yẹn kó lọ jẹun, tórí lórí ogún yẹn òun ló gbà á, lórí mẹ́ta sì rèé òun àti tíṣà ẹ̀ jọ pín in ni, kálukú di ìdajì mú. Ẹ má wá tìtorí ìyẹn gbéra lọ súkúù lọ́la lọ máa pariwo lé tíṣà lórí o. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ Yorùbá ní Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú kí n tó fẹ̀yìn tì, mo mọ̀ pé ohun tó wà nínú ìwé tí wọ́n kó fún tíṣà ló fi ń máàkì, èmi gan-an ti fagi lé irú ẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ rí, tí mo bá rántí ó ṣì máa ń dùn mí.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni pé nǹkan méjì la máa ń pò pọ̀ tá a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìsọ̀rí ọ̀rọ̀. Ìkan ni ẹbí tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, ìkejì ni iṣẹ́ tó ń ṣe nínú gbólóhùn. Ẹ wò ó báyìí, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó kan lè máa wa mọ́tò ní gáréèjì Òdogbolú. Tẹ́ ẹ bá bi mí pé kí ni bọ̀bọ́ yẹn tí mo ní dírẹ́bà ni, mi ò parọ́, tí ẹlòmíì bá ní ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, òun náà ò parọ́. Mẹ́ta nínú “ọmọ mẹ́ta” ń ṣiṣẹ́ ẹ̀yán, ó ń yán ọmọ ká lè mọ iye ẹ̀, bí dúdú ṣe ń yán aṣọ nínú “aṣọ dúdú”. Iṣẹ́ yẹn ni tíṣà rí. Ṣùgbọ́n ẹbí tí mẹ́ta ti wá kì í ṣe ẹbí dúdú rárá, ìyẹn lọmọ yín rí.

Kì í ṣòun nìkan o. Gírámà àwọn Gíríìkì àtijọ́ tí wọ́n fi orúkọ Dionysius Thrax sí, tó pín ọ̀rọ̀ sọ́nà mẹ́jọ, abẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ ló kó òǹkà sí. Àwọn ará Rọ́ṣíà ní tiwọn yọ òǹkà sọ́tọ̀ nínú ìwé gírámà wọn, ó dá dúró bí ọ̀rọ̀ orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìṣe ṣe dá dúró. Gírámà Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi lù wá nídìí nígbà tá a wà ní kékeré ló kó o pọ̀ mọ́ adjective, àwa náà sáré túmọ̀ ẹ̀, a pè é ní àpèjúwe, ó wá di òfin. Lóde òní àwọn tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní èdè ní iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Universal Dependencies, ìsọ̀rí 17 ni wọ́n fi ń to ọ̀rọ̀ gbogbo èdè tí wọ́n bá fọwọ́ kàn, Yorùbá sì wà lára ẹ̀, òǹkà ní ìsọ̀rí tiẹ̀ lọ́tọ̀ níbẹ̀, NUM ni wọ́n ń kọ sí i. Ohun tí ọmọ JSS 2 kọ náà nìyẹn, wọ́n wá fagi lé e.

Ẹ ò tiẹ̀ nílò kọ̀ǹpútà. Ẹ mú ọ̀rọ̀ àpèjúwe bíi gíga tàbí dúdú, ìṣe wà nídìí wọn: ilé náà ga, aṣọ náà dú. Ta ló wá lè sọ pé “ilé náà méjì”? Àfi kẹ́ ẹ ní “ilé méjì ni” tàbí “ilé náà jẹ́ méjì”. Ẹ tún lè sọ pé aṣọ yìí dúdú ju ìyẹn lọ. Kò sí bí ọmọ mẹ́ta ṣe fẹ́ mẹ́ta ju ọmọ mẹ́ta ẹlòmíì lọ.

Àmọ́ èyí tí mo fẹ́ràn jù ń bọ̀. Ìyá mi ta obì. Sábó Ṣágámù ló ti ń tà á fáwọn Gàmbàrí, orí ẹní la máa ń jókòó sí nílé lálẹ́ ká máa ṣa á ká máa kà á sínú agbọ̀n, èmi kékeré ni mo máa ń di fìtílà mú. Tí màmá bá ń kà á, wọ́n á máa ní: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Mi ò gbọ́ kí wọ́n kà á ní kan, méjì, mẹ́ta rí. Tí wọ́n bá wá kà á tán tí wọ́n fẹ́ sọ ohun tí wọ́n rí, wọ́n á ní “obì mẹ́rin ti bàjẹ́ níbẹ̀”. Wọn ò jẹ́ sọ pé “obì ẹ̀rin”. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé gírámà ni màmá ń kọ́ mi lórí ẹní, oorun ló ń kùn mí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni pé èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin ni orúkọ iye náà fúnra ẹ̀, kò tíì so mọ́ nǹkan kan. Tó bá fẹ́ lọ yán ọ̀rọ̀ orúkọ, ó gbọ́dọ̀ wọ m, ó di méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Tó bá fẹ́ sọ ipò, ó wọ k, ó di kejì, kẹta. Tó bá jẹ́ iye ìgbà, ó di ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Tó bá fẹ́ kó gbogbo wọn láìku ìkan, ó di méjèèjì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdílé kan, aṣọ oríṣiríṣi. Ẹ wá wo bá a ṣe ń bèèrè. Ẹ dé ìsọ̀ gàrí, ẹ ní “èló ni?” Oníyẹn ní “kóńgò mélòó lẹ fẹ́?” Ẹ̀ ń kọ ọjọ́ sórí ìwé, ẹ ní “ọjọ́ kelòó oṣù la wà?” Ẹ̀ ń pe ọmọ kò dáhùn, ẹ ní “ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti pè ẹ́?” Èló, mélòó, kelòó, ẹ̀ẹ̀melòó. Èjì, méjì, kejì, ẹ̀ẹ̀mejì. Ṣé ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ tá a fi ń bèèrè iye gan-an ń wọ aṣọ kan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tá a fi ń dáhùn, kò yẹ̀ níbì kankan.

Ohùn gan-an bára mu. Àrún di márùn-ún, ẹ̀sán di mẹ́sàn-án, ẹ̀wá di mẹ́wàá, ìdí wọn gùn, bẹ́ẹ̀ méjì, mẹ́ta, mẹ́fà, méje, ìdí tiwọn ò gùn. Kí ló fà á? Àwọn mẹ́ta tó gùn yẹn, dò-mí ni ohùn wọn, ìsàlẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀, òkè ló parí sí. Nígbà tí m dé pẹ̀lú ohùn òkè tiẹ̀, ó lé ohùn ìsàlẹ̀ kúrò lórí fáwẹ̀lì iwájú, ohùn ìsàlẹ̀ ò ríbi gbé, ó sá lọ bá ti ìparí, ti ìparí wá ní láti fẹ̀ kó lè gba àwọn méjèèjì. Èló náà dò-mí ni. Kí ló wá dà? Mélòó, ìdí ẹ̀ gùn. (Àwọn kan láyé àtijọ́ sọ pé ìṣe “mú” ló ń jẹ́ m yẹn, pé “mú èjì” ló sún kì tó di méjì. Ohùn òkè yẹn bá a mu lóòótọ́, mi ò ní bá wọn jà.)

Ó dáa, ẹ wá bá mi wá ọ̀rọ̀ àpèjúwe kan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí “médúdú”, kò sí “kegíga”. Díẹ̀ àti púpọ̀ pàápàá tó jẹ́ iye ni wọ́n ń sọ, wọn ò lè wọ m yẹn, wọn ò lè wọ k. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ọmọ yín ò jẹ̀bi lórí mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ òǹkà ni lẹ́bìí, ẹ̀yán ni lẹ́nu iṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá wo inú ìwé gírámà Yorùbá tó ń pín ẹ̀yán sọ́nà, ẹ máa rí ẹ̀yán aṣàpèjúwe lọ́tọ̀, ẹ̀yán aṣòǹkà lọ́tọ̀, wọn ò kó wọn pọ̀.

Ó ku ogún. Ẹ jẹ́ n fara balẹ̀ síbí yìí, tórí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn.

Bẹ̀rẹ̀ láti ení dé ẹ̀wá, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ orúkọ ni òǹkà máa ń wà: ilé kan, ọmọ méjì, ewúrẹ́ mẹ́wàá. Tá a bá wá dé ogún báyìí, nǹkan á yí padà. Ogún ọdún, ọgbọ̀n oṣù, ogójì ọjọ́, àádọ́ta ọmọ, igba ènìyàn, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin náírà, ẹgbẹ̀rún ọkùnrin. Iwájú ni wọ́n wà, wọn ò sì wọ m, kò sẹ́ni tó máa sọ pé “mógún” tàbí “mọ́gbọ̀n”, tí ọmọ kékeré bá sọ ọ́ ẹ̀rín la máa rín. Èmi máa ń sọ fáwọn ọmọ kíláàsì mi pé m yẹn, yúnífọ́ọ̀mù ni. Òǹkà tó bá ń ṣiṣẹ́ ẹ̀yán lẹ́yìn ọ̀rọ̀ orúkọ ló ń wọ̀ ọ́. Ọ̀gá tó jókòó síwájú kì í wọ yúnífọ́ọ̀mù.

Ta ló sábà máa ń jókòó síwájú nínú àpólà orúkọ Yorùbá, ìyẹn ọ̀rọ̀ orúkọ àtàwọn ọ̀rọ̀ tó bá a rìn? Ọ̀rọ̀ orúkọ ni. Agbọ̀n obì, kóńgò gàrí, àpò sìmẹ́ńtì, agbo àgùntàn, ogún ọmọdé. Ẹ kà á tẹ̀ léra wọn, ìtò kan náà ni. Ogún ń ṣe bí agbọ̀n, ọmọdé ń ṣe bí obì inú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tún ń ṣiyèméjì, ẹ wo ìṣe “pọ̀”. A fi “ọ̀” sí i lórí, ó di ọ̀rọ̀ orúkọ, ọ̀pọ̀, ibo ló lọ? Iwájú: ọ̀pọ̀ èèyàn. A tún wá pè é lẹ́ẹ̀mejì bí a ṣe ń pe gíga, ó di púpọ̀, ibo ló lọ? Ẹ̀yìn: èèyàn púpọ̀. Ìtumọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀, ipò ló yà wọ́n. Ọ̀pọ̀ àti ogún ń jókòó síbì kan náà, púpọ̀ àti méjì ń jókòó síbì kan náà.

Èyí tó máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu jù ni ti Ifá. Odù àgbà mẹ́rìndínlógún ló wà. Ẹ gbọ́ bí àwọn babaláwo ṣe ń pe orúkọ wọn: Èjì Ogbè, Ọ̀yẹ̀kú Méjì, Ìwòrì Méjì, Òdí Méjì, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ. Ogbè nìkan ni òǹkà ṣáájú nínú orúkọ ẹ̀ tó gbajúmọ̀, nígbà tó sì ṣáájú yẹn ó bọ́ m sílẹ̀, ó di èjì. Àwọn tó kù, òǹkà wà lẹ́yìn, ó wọ m. Ẹ lè gbọ́ Ogbè Méjì náà lẹ́nu àwọn kan, Odù kan náà ni, òǹkà kàn padà sẹ́yìn ni ó sì tún wọ yúnífọ́ọ̀mù ẹ̀. Kò sẹ́ni tó jẹ́ pe “Méjì Ogbè”. Àwọn tó sọ Odù lórúkọ ò lọ kíláàsì gírámà kankan o.

Òǹkà ńláńlá tiẹ̀ tún ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ń gba òǹkà míì sẹ́yìn ara wọn bí ọ̀rọ̀ orúkọ ṣe ń ṣe. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, mílíọ̀nù méjì, bí ìgbà tẹ́ ẹ bá ní agbọ̀n mẹ́ta. Ẹgbẹ̀rún fúnra ẹ̀, igba àti àrún ló sún kì níbẹ̀, igba lọ́nà márùn-ún, 200 lọ́nà 5, igba ló wà níwájú. Ọ̀kẹ́ ló wá yanjú gbogbo ẹ̀ fún mi. Ọ̀kẹ́ ni àpò, àpò owó ẹyọ tó ń gba 20,000, orúkọ àpò yẹn ló di orúkọ iye. Tá a bá ní “àádọ́ta ọ̀kẹ́”, 50 lọ́nà 20,000, mílíọ̀nù kan lẹ kà yẹn, àpò la sì kà. Ta ló máa wá sọ fún mi pé àpò jẹ́ ọ̀rọ̀ àpèjúwe?

Nígbà tá a yá mílíọ̀nù àti bílíọ̀nù lọ́wọ́ òyìnbó náà, inú ẹgbẹ́ ẹgbẹ̀rún ni wọ́n wọ̀ lọ tààrà. Tàwọn tá a yá fún owó wẹ́wẹ́ ló pa mí lẹ́rìn-ín jù, sísì. Six ló wà nídìí ẹ̀, owó kọ́bọ̀ mẹ́fà ayé òyìnbó (pẹ́nì là ń pè ní kọ́bọ̀ nígbà yẹn), àmọ́ nígbà tí wọ́n mú náírà dé ní 1 January 1973, tí pọ́n-ùn kan di náírà méjì, owó yẹn di kọ́bọ̀ márùn-ún, àwọn ìyá wa ò dẹ̀ yí orúkọ padà, wọ́n ń pe márùn-ún ní sísì lọ ràì. Òǹkà tó bá ti di orúkọ tán, kò bìkítà iye tó wà níkùn ẹ̀ mọ́.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni nǹkan yìí ti ń ṣẹlẹ̀, ẹ lè sọ ìyẹn fún tíṣà tẹ́ ẹ bá pàdé lọ́jà. Ní 1978 Greville Corbett, onímọ̀ èdè ará Ìlú Ọba, kọ̀wé lórí bí òǹkà ṣe ń ṣe láàárín gbólóhùn nínú oríṣiríṣi èdè, ohun tó rí ni pé òǹkà tí kò ní àsopọ̀ nínú máa ń wà láàárín ọ̀rọ̀ àpèjúwe àti ọ̀rọ̀ orúkọ, àti pé níbi tí ìwà wọn bá ti yàtọ̀ síra, èyí tó tóbi jù ló máa ń jọ ọ̀rọ̀ orúkọ jù. Ní Rọ́ṣíà, ení wọn ń bá ọ̀rọ̀ orúkọ yí padà bí ọ̀rọ̀ àpèjúwe ṣe ń bá a yí, èjì wọn ṣì ń dá akọ mọ̀ yàtọ̀ sí abo, nígbà tó bá fi máa dé àrún, òun ló ń pàṣẹ irú aṣọ tí ọ̀rọ̀ orúkọ máa wọ̀, nígbà tó bá dé mílíọ̀nù, ó ti di ọ̀rọ̀ orúkọ pátápátá. Díẹ̀díẹ̀ ni tiwọn ń gòkè. Tiwa ò ṣe díẹ̀díẹ̀, ó fò ni. Ẹ̀wá wà lẹ́yìn, ogún wà níwájú, kò sí ibì kan láàárín.

“Mọ́kànlélógún ńkọ́?” Ọmọ yín á bi yín, tó bá gbọ́n bí mo ṣe rò. Mọ́kànlélógún ju ogún lọ, ẹ̀yìn ló sì wà: ìwé mọ́kànlélógún. Wọ́n máa ń sọ pé ìlú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló wà ní Rẹ́mọ, wọn kì í sọ pé “mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ìlú”. Agẹmọ mẹ́rìndínlógún la mọ̀ ní Ìjẹ̀bú. Ṣé òfin ti bàjẹ́ nìyẹn? Rárá o. Ẹ tú u: mọ́kàn-lé-ní-ogún, ọ̀kan tó lé lórí ogún. Ọ̀kan lolórí ẹ̀, ogún wà nísàlẹ̀ ní tiẹ̀, ọ̀kan tó jẹ́ kékeré ló ń darí gbogbo ẹ̀, ìwà òǹkà kékeré ló máa hù, yóò wọ m, yóò lọ sẹ́yìn. Mẹ́rìndínlógún náà, ẹ̀rin ló wà lórí níbẹ̀, ẹ̀rin tó dín ní ogún. (Àwọn kan máa ń fi tiwa ṣe yẹ̀yẹ́ pé èwo ni ká máa yọ kúrò nínú ogún. Àwọn ará Róòmù náà yọ ọ́: 18 lédè Láàtìnì ni duodeviginti, èjì kúrò nínú ogún, 19 náà bẹ́ẹ̀. Tiwọn ò ní yẹ̀yẹ́ nínú, tiwa ló ní.)

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ kí ogún gba ipò ọ̀gá ẹ̀ padà, ẹ tú wọn ká. Ẹ ní “ogún ọdún ó lé mẹ́ta”. Ó wù mí kẹ́ ẹ rọra kà á. Ogún wà níwájú ọdún, mẹ́ta wà lẹ́yìn ẹ̀, kálukú jókòó síbi tó tọ́ sí i nínú gbólóhùn kan ṣoṣo, ìkan bọ́ra sílẹ̀, ìkan wọ yúnífọ́ọ̀mù. Ọdún mẹ́tàlélógún náà ni.

Kan ló máa ń fún mi ní ẹ̀fọ́rí. Ó wà lẹ́yìn bíi méjì àmọ́ kò wọ m, ilé kan, afi tó bá bọ́ sínú mọ́kànlá tàbí mọ́kàndínlógún ló tó wọ̀ ọ́. Ó tún wá ní iṣẹ́ kejì tí méjì ò ní, “ọkùnrin kan wá síbí láàárọ̀” kì í ṣe pé ẹ̀ ń ka ọkùnrin, ẹ ò kàn mọ orúkọ ẹ̀ ni. Ení ní tiẹ̀ ò jáde kúrò lórí ẹní àwọn tó ń kà obì. Òdo rèé, orúkọ ni tòótọ́tòótọ́, kò lè yán nǹkan kan, kò sẹ́ni tó máa sọ pé òun ní ọmọ òdo, á ní òun ò lọ́mọ.

Tó bá jẹ́ pé kẹta ni tíṣà fàlà sí ni, ǹ bá gbè é pátápátá. Ojúde Ọba tá a máa ń lọ wò n’Ìjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ kẹta Iléyá ni, àtọjọ́ Iléyá gan-an la sì ti ń kà á, ìyẹn lẹni tó bá kà á láti ọjọ́ kejì ṣe máa ń débẹ̀ nígbà tí wọ́n ti ń gbá ilẹ̀. Kẹta yẹn ò ka ọjọ́, kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta la fi ń ṣe Ojúde Ọba, ó kàn ń tọ́ka sí ọjọ́ tó jẹ́ ni, ó sì sún mọ́ àpèjúwe gan-an, àwọn Universal Dependencies tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan náà, inú àpèjúwe ni wọ́n ń kó irú ẹ̀ sí. Kò tiẹ̀ lè dá dúró láìjẹ́ pé ó fi fáwẹ̀lì síwájú, ìkẹta tàbí ẹ̀kẹta.

Ogún ò ní k o, bó ṣe jẹ́ pé kò ní m. Báwo ló ṣe wá ń sọ ipò? Ẹsẹ̀ ẹ̀ ló fi ń sọ ọ́, ó máa ń rìn lọ sẹ́yìn. “Ogún ọ̀rúndún” ni 2,000 ọdún gbáko. “Ọ̀rúndún ogún” ni èyí tí wọ́n bí àwọn òbí wa sí. Èyí tá a wà nínú ẹ̀ báyìí, tórí pé ọ̀kan ló wà lórí ẹ̀, ó rí k wọ̀: ọ̀rúndún kọkànlélógún. Ìdáhùn sí ìbéèrè ọmọ yín nìyẹn, ìdí tá ò fi ń sọ pé “ọmọdé ogún”. Tá a bá sọ ọ́, etí Yorùbá á máa retí pé ọmọdé tó ṣìkẹ́yìn lórí ìlà, ẹni ogún, là ń pè, kò ní gbọ́ ọ bí iye.

Mo mọ̀ pé àwọn onímọ̀ kan wà tí wọ́n á ní kí n má dá méjì yà kúrò lára ogún, pé ọ̀rọ̀ orúkọ ni gbogbo òǹkà Yorùbá, kékeré àti ńlá, tórí méjì náà lè dá dúró, “méjì ti jẹrà”. Lóòótọ́ ló lè dá dúró. Àmọ́ tí mo bá wọlé tí mo sì sọ pé “méjì ti jẹrà”, ìyàwó mi á bi mí pé méjì kí ni, ó mọ̀ pé mo gbé ọ̀rọ̀ orúkọ kan mì. Àwọn tó gbà bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀rí tiwọn, mi ò ní pè wọ́n lópùrọ́, ṣùgbọ́n wọ́n á ní láti sọ fún mi ohun tí m ń wá níbẹ̀.

Fún ìdánwò, ẹ jẹ́ kó máa kọ “ẹ̀yán aṣòǹkà” sí mẹ́ta, kò sí tíṣà tó mọ iṣẹ́ tó máa fagi lé ìyẹn. Fún ogún, kó kọ “ọ̀rọ̀ orúkọ” bó ṣe kọ ọ́, kó fi “aṣòǹkà” kún un. Tó bá sì láyà, kó kọ “ogún ọ̀rúndún” àti “ọ̀rúndún ogún” sórí pépà kan, kó mú un lọ bá tíṣà lásìkò bíréèkì, kó dọ̀bálẹ̀ dáadáa kó tó bèèrè o, kó ní “ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé àpèjúwe ni méjèèjì?” Tí tíṣà bá ṣì ní bẹ́ẹ̀ ni, kó dúpẹ́, kó gba pépà ẹ̀, kó sì wá jẹun alẹ́ ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.